Kí Ni A Ó Fi Wọn Iṣẹ́ Olùkọ́? Ẹ̀kọ́ Láti Ara Eddie Robinson ti Grambling

 

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ olùkọ́, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín yóò máa retí pé ọ̀rọ̀ gírámà ni n ó gbé kalẹ̀, nítorí pé èdè ni mo ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ lálẹ́ òní, bọ́ọ̀lù ni ó fi kọ́ni. Ará Amẹ́ríkà ni, ènìyàn dúdú ni, Eddie Robinson sì ni orúkọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, Grambling ní ìpínlẹ̀ Louisiana, ni ó ti ṣe kóòṣì láti ọdún 1941 títí di ọdún 1997. Ìdíje 408 ni ó jẹ nínú rẹ̀, ó pàdánù 165, ó sì ta ọ̀mì nínú 15. Iye yìí ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé: ṣé iye yìí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, tàbí ohun mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀? Bí a bá mọ ìdáhùn sí èyí, ó lè jẹ́ pé a ó mọ ohun tí ó yẹ kí àwa náà máa fi wọn iṣẹ́ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú bọ́ọ̀lù tí mo ń wí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá ni. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà kò rí róbótó; ó gùn, ó sì mú ṣóńṣó ní orí méjèèjì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń jù ú sí ara wọn. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní ìgbà mẹ́rin láti gbé e síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọn kò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti àwọn alátakò wọn. Ẹnì kan wà láàrin pápá tí ó ń pàṣẹ eré. Òun ni bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́, òun ni ó sì ń pinnu ẹni tí yóò jù ú sí. Kọ́tàbáàkì ni wọ́n ń pe ẹni náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a níwájú. Ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ní Amẹ́ríkà, inú kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì ni àwọn ẹgbẹ́ tí ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù ti máa ń wá ẹni tí wọn yóò mú. Nítorí náà, kóòṣì yunifásítì kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ láàrin wọn.

A bí Eddie Robinson ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 1919, ní Jackson, ìlú kékeré kan ní Louisiana, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbẹ̀ tí ó ní ilẹ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó ń ro. Bí irè oko bá dé, onílẹ̀ a gba ìpín tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ilé fún àwọn ẹlòmíràn. Ìlú Baton Rouge, tí í ṣe olú-ìlú Louisiana, ni ọmọ náà gbé dàgbà. Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní ìlú yìí, pápá bọ́ọ̀lù ńlá sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ayé ìgbà náà ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ọmọ dúdú kò lè kàwé ní yunifásítì náà, áḿbọ̀sìbọ́sí kí ó gbá bọ́ọ̀lù fún un, bí ó ti wù kí orí rẹ̀ pé tó, bí ó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá tó.

Nígbà tí Robinson ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ti rí kóòṣì kan pẹ̀lú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, tí ó rí bí àwọn ọmọ náà ti ń bọ̀wọ̀ fún un tó, tí ó sì pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni òun yóò dà. Ó lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Leland, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú tí kò jìnnà sí Baton Rouge, ó sì ṣe kọ́tàbáàkì níbẹ̀. Ní ọdún 1941 ó gboyè jáde, ó sì gbé Doris níyàwó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni ọmọ dúdú tí ó gboyè jáde yóò rí ṣe? Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni ó ti ń ṣe lébìrà, sẹ́ǹtì 25 sì ni owó iṣẹ́ wákàtí kan.

Ibẹ̀ ni ó wà tí ó fi gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan ní àríwá Louisiana ń wá kóòṣì. Ọkùnrin dúdú kan tí ń jẹ́ Charles Adams ni ó lọ dá a sílẹ̀ ní ọdún 1901 fún àwọn ọmọ àgbẹ̀ agbègbè náà. Nígbà tí Robinson fi máa débẹ̀, iṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ náà ń ṣe ni kí ó kọ́ àwọn ènìyàn dúdú di olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ọdún 1946 ni a sọ ọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Grambling, ọdún 1974 ni ó sì di Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Grambling. Ralph Jones, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, gba Robinson síṣẹ́. Ọmọ ọdún 22 ni Robinson nígbà náà, owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 63 àti sẹ́ǹtì 75.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a wo irú iṣẹ́ tí ó bá níbẹ̀. Òun ni ó ń gé koríko pápá. Òun ni ó ń fa ìlà sí i. Òun ni ó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ó bá fara pa, òun náà ni ó sì ń kọ ìròyìn ìdíje ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn. Ní ọdún àkọ́kọ́ yìí, ìdíje 3 ni wọ́n jẹ, wọ́n sì pàdánù 5. Ní ọdún kejì, 1942, wọ́n gbá ìdíje 9, wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀. Jálẹ̀ ọdún náà kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó rí àmì ayò kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn èyí, Ogun Àgbáyé Kejì kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ, Grambling kò sì gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún 1943 àti 1944.

Ìtàn kan wà láti àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí tí àwọn tí ó mọ Robinson máa ń sọ. Àgbẹ̀ kan yọ àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù nítorí pé òwú ti là lóko, kò sì sí ẹni tí yóò bá a ká a. Robinson kò bínú, kò sì jà. Ó kó gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ sí oko ọkùnrin náà, wọ́n bá a ká òwú rẹ̀ tán, àwọn ọmọ náà sì padà sí pápá. Ó rọrùn fún olùkọ́ láti sọ pé, "Bàbá yìí kò mọ iyì ẹ̀kọ́." Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ aláìnílẹ̀ ni Robinson fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ pé bàbá náà kò kórìíra bọ́ọ̀lù. Gbèsè onílẹ̀ ni ó ń lé e.

Ìrìn àjò tún jẹ́ ìṣòro mìíràn. Bí ẹgbẹ́ náà bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú òkèèrè, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ tí ó wà lójú ọ̀nà ní gúúsù ni kò jẹ́ ta oúnjẹ fún ènìyàn dúdú. Robinson a fi ẹran há àárín búrẹ́dì, a dì í sínú ọkọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kóòṣì tí ó yẹ kí ó máa ronú bí yóò ti borí alátakò ni ó ń ronú bí ebi kò ṣe ní í pa ọmọ ọlọ́mọ, àti bí ìtìjú kò ṣe ní í bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ kí wọ́n tó dé pápá.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, kóòṣì yìí a mú agogo tí wọ́n ń so mọ́ màlúù lọ́rùn, a máa lù ú kiri ibùgbé àwọn agbábọ́ọ̀lù, a sì máa jí wọn kí wọ́n lè jẹun kí wọ́n sì lọ sí kíláàsì. Ó fẹ́ kí wọ́n wọ kóòtù kí wọ́n sì de táì bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò. Ó ń kọ́ wọn bí a ti ń jẹun láàrin àwọn ènìyàn pàtàkì, àti bí a ti ń dá oníròyìn lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ kò sì dá ẹ̀kọ́ dúró: ní ọdún 1954 ó gba oyè másítà ní Yunifásítì Iowa. Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Robinson mọ̀ pé ojú ayé tí yóò máa wo àwọn ọmọ òun níta kì í ṣe ojú àánú.

Ní ọdún 1949, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà jáde sí gbangba. Paul Younger ni orúkọ rẹ̀, Tank ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ Rams ti Los Angeles gbà á síṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe di ẹni àkọ́kọ́ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ènìyàn dúdú tí yóò gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì àwọn tí ń gbowó, tí a mọ̀ sí NFL. Robinson kìlọ̀ fún un kí ó tó lọ pé bí ó bá kùnà, ó lè pẹ́ kí wọ́n tó tún fún ọmọ dúdú mìíràn láti irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láyè. Ẹrù ńlá ni èyí jẹ́ lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Younger kò sọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà là. Kí Robinson tó fẹ̀yìntì, ó lé ní 200 àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ti dé ẹgbẹ́ àwọn tí ń gbowó. Mẹ́rin nínú wọn, Willie Davis, Willie Brown, Buck Buchanan àti Charlie Joiner, ni wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé ọlá tí ó ga jù lọ fún agbábọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà.

Ṣùgbọ́n n kò wá síbí láti wá kọ oríkì nìkan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Grambling fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n ní ariwo bọ́ọ̀lù ti bo ohùn ìwé mọ́lẹ̀ nínú ọgbà náà. Wọ́n ní gbogbo ayé mọ orúkọ Grambling nítorí eré, kí a wá fi irú ìtara kan náà gbé ẹ̀kọ́ ìwé ga. Àwọn aláṣẹ lé àwọn kan kúrò nínú wọn. Lójú tèmi, ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí béèrè tọ́, kò sì yẹ kí a fi ìlékúrò dá a lóhùn. Ilé ẹ̀kọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń dún nítorí ohun kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tí kò lè ṣe ohun náà.

Ẹ̀sùn kejì tún wà. Ní àwọn ọdún tí àwọn ènìyàn dúdú ń wọ́de káàkiri gúúsù Amẹ́ríkà, tí ọlọ́pàá ń tú ajá sí wọn, Robinson kì í ṣe ẹni tí a mọ̀ mọ́ ìwọ́de. Ó ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n nífẹ̀ẹ́ orílẹ̀-èdè wọn, kí wọ́n múra sílẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí iṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀ fún wọn. Ẹnì kan lè sọ pé sùúrù bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù, pé ẹni tí a bá ń fìyà jẹ gbọ́dọ̀ ké. N kò lè sọ pé irọ́ ni ó pa. Bí kò bá sí àwọn tí ó wọ́de, ta ni ìbá fọ́ òfin náà? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun kan sí i: nígbà tí òfin bá fọ́ tí ilẹ̀kùn sì ṣí, ta ni yóò ti múra sílẹ̀ láti wọlé? Níbi yìí ni mo ti fẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ kọ́tàbáàkì.

Títí di àwọn ọdún 1960, àwọn tí ó ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà gbà pé ènìyàn dúdú lè sáré, pé ó lè fi agbára dí ọ̀nà mọ́ alátakò. Ṣùgbọ́n wọ́n ní iṣẹ́ kọ́tàbáàkì gba ọpọlọ, ó gba kí ènìyàn lè pàṣẹ fún àwọn mẹ́wàá yòókù, ìyẹn kò sì sí lọ́wọ́ ènìyàn dúdú. Bí ọmọ dúdú bá ti ṣe kọ́tàbáàkì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí ó bá dé ẹgbẹ́ àwọn tí ń gbowó, wọ́n a yí ipò rẹ̀ padà. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ọ̀rọ̀ eré. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ̀yà kan wà tí a dá láti máa gba àṣẹ.

Robinson kò kọ ìwé láti já irọ́ yìí. Ọmọ ni ó fi já a. Ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ James Harris, ó sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ kọ́tàbáàkì bí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti ń ṣe é gan-an, ó sì gbà á níyànjú pé kí ó má ṣe gbà kí a yí ipò òun padà. Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ Bills ti Buffalo mú Harris, òun ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje àkọ́kọ́ wọn ní ọdún náà gẹ́gẹ́ bí kọ́tàbáàkì. Ní ọdún 1978, Doug Williams, ọmọ Grambling mìíràn, wọlé sí ẹgbẹ́ Buccaneers ti Tampa Bay. Kọ́tàbáàkì ni wọ́n mú un fún, kọ́tàbáàkì ni ó sì ṣe.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ wá hàn sójú ayé ni ọjọ́ 31, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1988. Ìlú San Diego ni wọ́n ti gbá ìdíje àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní Super Bowl. Doug Williams ni kọ́tàbáàkì ẹgbẹ́ Washington, kò sì sí ènìyàn dúdú tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje yẹn ní ipò náà rí. Robinson wà níbẹ̀, ó jókòó láàrin òǹwòran. Nígbà tí ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ eré parí, Denver ti ní àmì 10, Washington kò ní nǹkan kan. Williams fara pa ní orúnkún, ó jáde kúrò ní pápá. Ẹ wo irú ohun tí yóò wà lọ́kàn àgbàlagbà náà níbi tí ó jókòó sí! Ṣùgbọ́n Williams padà wọlé. Nínú ìdá kejì eré náà nìkan, ìgbà mẹ́rin ni ó ju bọ́ọ̀lù tí ó di ayò, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba àmì 35. Àmì 42 sí 10 ni wọ́n fi borí, Williams ni wọ́n sì fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tí ó peregedé jù lọ lọ́jọ́ náà. Irọ́ tí wọ́n ti ń pa láti ọjọ́ pípẹ́ já láàrin ìṣẹ́jú 15 eré. Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ìṣẹ́jú 15 ni ó gbà. Láti ọdún 1941 ni ẹnì kan ti ń fa ìlà sí pápá.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti korò díẹ̀. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹwàá, ọdún 1985, Robinson jẹ ìdíje rẹ̀ kẹrìnlélógún lé lọ́ọ̀ọ́dúnrún, ìyẹn 324, ó sì kọjá iye 323 tí Paul Bryant, kóòṣì olókìkí ti Alabama, fi sílẹ̀. Ní ọdún 1995 ó di ẹni àkọ́kọ́ láàrin àwọn kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí yóò jẹ ìdíje 400. Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, nǹkan mìíràn ti ń ṣẹlẹ̀. Yunifásítì Alabama tí mo dárúkọ yìí, ọdún 1971 ni ọmọ dúdú tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ àgbà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn yunifásítì ńlá tí owó wà lọ́wọ́ wọn ti ń wá àwọn ọmọ dúdú tí ó yá lára kiri. Àwọn ọmọ tí kò bá ti ní ibòmíràn lọ ju Grambling, ibi gbogbo ni wọ́n lè lọ wàyí. Ilẹ̀kùn tí Robinson ń kọ́ ọmọ láti wọ̀ ti ṣí, ẹnu ilẹ̀kùn náà sì ni àwọn ọmọ gbà lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ọdún mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn, 1995 títí di 1997, ìpàdánù ju ìjẹ lọ fún un ní ọdọọdún. Ní ìparí ọdún 1996, àwọn kan fẹ́ kí ó lọ. Àwọn mìíràn bẹ̀bẹ̀ fún un, wọ́n sì fi ọdún kan kún un. Ìdíje tí ó fi dágbére ní oṣù kọkànlá ọdún 1997, Yunifásítì Southern ni ó borí rẹ̀. Ǹjẹ́ ó pẹ́ jù lórí àga? Bóyá ni. Ó ṣòro fún olùkọ́ láti mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, pàápàá ẹni tí ó máa ń yangàn, bí Robinson ti máa ń ṣe, pé iṣẹ́ kan àti ìyàwó kan ṣoṣo ni òun ní láyé. Ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1998 kì í ṣe àjèjì: Doug Williams ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àrùn ìgbàgbé tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Alzheimer mú Robinson. Ọkùnrin tí ó ti ń jí ọmọ ènìyàn pẹ̀lú agogo ní òròòwúrọ̀ wá di ẹni tí ìrántí ń sá fún. Ó kú ní ọjọ́ 3, oṣù kẹrin, ọdún 2007, ní ẹni ọdún 88. Wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ ní ẹ̀yẹ nínú ilé ìjọba ìpínlẹ̀ Louisiana ní Baton Rouge, àwọn ènìyàn, dúdú àti funfun, sì tò kọjá níwájú rẹ̀. Ìlú kan náà ni, ìlú tí yunifásítì rẹ̀ kò lè gbà á wọlé nígbà tí ó wà lọ́mọdé.

Ó yẹ kí n wá dáhùn ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí ni a ó fi wọn iṣẹ́ ọkùnrin yìí? Bí ó bá jẹ́ iye ni, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí iye. Ní ọdún 2003, John Gagliardi, kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Minnesota, kọjá 408. Ní ọdún 2011, Joe Paterno ti Penn State jẹ ìdíje 409, ó sì gba ipò kìn-ín-ní láàrin àwọn kóòṣì ilé ẹ̀kọ́ ìpele àkọ́kọ́. Ní ọdún 2012, nítorí ìwà ìbàjẹ́ tí ẹnì kan tí ó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ hù sí àwọn ọmọdé, ìgbìmọ̀ tí ń darí eré yunifásítì yọ 111 kúrò nínú iye náà, ipò kìn-ín-ní sì padà sọ́dọ̀ Robinson. Ní ọdún 2015 wọ́n tún dá 111 náà padà, ipò náà sì tún kúrò lọ́dọ̀ Robinson. Òkú ni Robinson láti ọdún 2011 títí di 2015 yìí. Wọ́n fi ìwé gbé ipò kan fún un, wọ́n tún fi ìwé gbà á padà, kò sì mọ ìkankan.

Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ wo ni ó lè jókòó kí ó pa Tank Younger rẹ́ kúrò nínú ìtàn? Ìwé wo ni a lè kọ tí yóò gba ohun tí Doug Williams ṣe ní San Diego padà? Ta ni yóò yọ ọ́ kúrò pé àwọn ọmọ àgbẹ̀ kan jẹun nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ojú ọ̀nà kò fún wọn lóúnjẹ? Robinson alára gbàgbé, àwọn tí ó kọ́ kò gbàgbé. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwa náà ní iye tiwa. A máa ń ka iye ọmọ tí ó yege nínú ìdánwò, wọ́n sì ń fi iye yẹn gbé wa ga, wọ́n ń fi í rẹ̀ wá sílẹ̀. N kò sọ pé kí a má kà á. Robinson fẹ́ jẹ ìdíje, ó sì kórìíra ìpàdánù bí ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ọmọ kan bá dẹ́kun wíwá sí kíláàsì, kí a tó fa igi lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí ó ń lọ nínú oko bàbá rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ó di olùkọ́ lọ́la, mo fi ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Grambling ti ọdún 1967 lé yín lọ́wọ́. Ẹ jíròrò rẹ̀ láàrin ara yín: ohun wo ni ó ń pariwo jù nínú ọgbà tiyín, ta sì ni ariwo náà kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn rẹ̀?